Bàtà Méjìlá Lẹ́nu Ọ̀nà

Irun ọmọ mi ni mo ń dì lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé bá mi. Àárọ̀ Sátidé ni. Dárà, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà yẹn, jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi níwájú yàrá tí wọ́n fún mi nínú ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo ti di apá ọ̀tún tán, apá òsì ṣì wà ní títú. Tọ́pẹ́, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mò ń bójú tó, wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Kò kí mi. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Àǹtí Kẹ́mi, bàbá Mojí wà ní géètì. Wọ́n gbé ẹja wá fún un."

Mo ní kí ó lọ pe Mojí wá. Kò kúrò lójú kan. Nígbà tí mo gbójú sókè wò ó, omi ti dé ojú ẹ̀.

"Mojí ò sí ńlé, Àǹtí. Láti Ọjọ́rú ni."

Òòyà bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, mo ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì pé àwọn ọmọ mi pé. Ọjọ́bọ̀, mo ní wọ́n pé. Àná tí í ṣe Ọjọ́ Ẹtì, mo ní wọ́n pé. Méjìlá ni wọ́n, méjìlá ni mo kà. Kí wá ni mo kà?

Kí n tó sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ yìí. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléèwé girama máa ń yà sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ajah, wọ́n á ní, Àǹtí, a gbọ́ pé ẹ ti ṣiṣẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì rí, ṣé iṣẹ́ tó dáa ni? Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ṣe é. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mí, ìyá ọlọ́mọ kan, àwọn èèyàn a sì máa bi mí pé irú ìfẹ̀yìntì wo ni ti ẹni tí kò tíì ní ewú kan lórí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fi ọdún mẹ́rìnlá ṣọ́ ọmọ ọlọ́mọ mọ̀ pé àyà máa ń hu ewú ṣáájú orí.

Sẹ́kọ́ńdìrì ni mo kà mọ. Bí mo ṣe gba iṣẹ́ náà ò gùn: wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa gbálẹ̀ ilé àwọn ọmọbìnrin, mo sì mọ ilẹ̀ í gbá. Owó ẹ̀ ò pọ̀, ṣùgbọ́n mo fi ń jẹun. Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà wà láàárín Ajah sí Ṣàngótẹ̀dó, lórí ilẹ̀ àbàtà tí wọ́n fi yanrìn dí. Bí òjò bá rọ̀ fún wákàtí méjì, omi á wá gba ilẹ̀ ẹ̀ padà.

Ohun tí mo rí níbẹ̀ tí mi ò rí níbòmíràn ni pé wọn kì í jẹ́ kí ọmọ ọdún kìíní dá wà. Méjìlá méjìlá ni wọ́n ń kó wọn pọ̀, wọ́n ń pe ìkọ̀ọ̀kan ní agboolé. Àwọn méjìlá yìí á jọ gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà, wọ́n á jọ lọ sí kíláàsì kan náà, wọ́n á jọ jẹun nídìí tábìlì kan náà. Tó bá di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n á jọ wọ yàrá ìkàwé, ó di aago mẹ́fà. Ìdí ẹ̀ ni pé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ lè sọnù sáàárín èrò. Á pa kíláàsì kan jẹ, á pa èkejì jẹ, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀, tó bá yá ó ti palẹ̀ ẹrù mọ́ lọ sílé. Ṣùgbọ́n tí èèyàn mọ́kànlá bá mọ̀ bóyá o jẹun tàbí o ò jẹun, ibo lo fẹ́ gbà sọnù? Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí wọ́n ṣe máa ń wí fún àwọn òbí nìyẹn, èmi náà sì gbà á gbọ́. Mo ṣì gbà á gbọ́, àmọ́ ojú mi ti là sí i.

Màmá Ẹ̀bùn ló kọ́ mi níṣẹ́. Àwọn ni alábòójútó ilé náà nígbà yẹn, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, tí ohùn wọn kì í ròkè ṣùgbọ́n tí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ máa ń dákẹ́ tí wọ́n bá ti wúkọ́. Nínú ìjọ wọn, ẹni tó bá wọ sùtánà kì í wọ bàtà. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń rìn láti ilé dé ìjọ. Àṣà yẹn ni Màmá mú wọ yàrá ìkàwé. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ bàtà wọlé. Gbogbo wọn á bọ́ sálúbàtà wọn sẹ́nu ọ̀nà, Màmá á sì dúró, wọ́n á kà á. Wọn kì í ka ojú. Wọ́n ní ọmọ tó bá fẹ́ tàn ọ́ á rẹ́rìn-ín sí ọ, ṣùgbọ́n bàtà ò mọ ẹ̀rín ín rín.

Oṣù mẹ́ta gbáko, Màmá ò jẹ́ kí n bá akẹ́kọ̀ọ́ kankan sọ̀rọ̀ ju kíkí lọ. Wọ́n ní kí n máa wo bàtà. Wọ́n á mú ẹyọ kan nílẹ̀, wọ́n á gbé e sí mi lójú, ta ló ni èyí? Tí mo bá ṣì í, màá tún ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbá láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ́ mi pé ẹni tí yanrìn bá kún inú sálúbàtà ẹ̀ ti jáde ní géètì lọ́sàn-án. Pé ẹni tó bá bọ́ tiẹ̀ jìnnà sí ti àwọn yòókù, òun àti ẹnì kan ti jà. Ọjọ́ kan, mo fọwọ́ sọ̀yà pé aláwọ̀ ewé kan, ti Bọ́sẹ̀ ni, pé Bọ́sẹ̀ wà nínú ilé. Màmá wò mí títí.

"Bọ́sẹ̀ ti lọ sílé láti àná. Àbí bàtà ló rán wá kàwé?"

Àwọn ọmọ yẹn fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Tí wọ́n bá rí mi, wọ́n á bọ́ bàtà sílẹ̀, wọ́n á kí i, "Bọ́sẹ̀, ẹ kú ìkàwé o." Ọmọ tó yá sálúbàtà lọ́wọ́ Bọ́sẹ̀ ló wọ̀ ọ́ wá. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìbá dáa ká ní mo jẹ́ kó dùn mí.

Torí pé bàtà kíkà, ìdajì iṣẹ́ ni. Bí Màmá bá kà á tán, wọ́n á wọlé, wọ́n á pe ọmọ kan ní orúkọ tí bàbá àti ìyá ẹ̀ sọ ọ́, wọ́n á jókòó tì í. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń bi í. Kí lo jẹ lónìí? Kí ni kò yé ọ? Ta lẹ jọ rẹ́rìn-ín? Ọmọ kan lójúmọ́. Kí ọjọ́ méjìlá tó pé, wọ́n á ti kárí, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. "Bàtà la fi ń bẹ̀rẹ̀, Kẹ́mi," ni wọ́n máa ń sọ. "Orúkọ la fi ń parí." Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí nígbà yẹn, mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà tí kò níṣẹ́ ṣe ni.

Irinṣẹ́ wá ń yí padà. Rẹ́jísítà ńlá la kọ́kọ́ ń lò, báírò búlúù fún ẹni tó wá, pupa fún ẹni tí kò wá. Lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n gbé ẹ̀rọ tí wọ́n ń tẹ àtàǹpàkò sí dé. Kì í dá ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọṣọ tán mọ̀, gbogbo wa á tò síwájú ẹ̀ bí ẹni ń bẹ ẹ́. Nígbà tó yá, ọ́fíìsì ní fóònù ti tó. Kí n ya fọ́tò àwọn bàtà lẹ́nu ọ̀nà, kí n fi ránṣẹ́ sórí gúrúùpù, ó parí.

Màmá Ẹ̀bùn ti fẹ̀yìn tì nígbà yẹn, èmi ni mo wà nípò wọn. Mo ti bí Dárà, bàbá ẹ̀ sì ti bá tiẹ̀ lọ. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni mo gbọ́dọ̀ lọ mú un níléèwé ẹ̀ ní Ṣàngótẹ̀dó, tí òjò bá sì ti ṣú, eré ni mò ń sá kí omi tó dí ọ̀nà. Bí mo ṣe ń ya fọ́tò tán ni mò ń lọ nìyẹn. Orúkọ tó yẹ kí n máa pè lójoojúmọ́ di ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀, ó di oṣù oṣù. Nígbà tó ṣe, mi ò rántí ọjọ́ tí mo pè é kẹ́yìn.

Mo tún wá fọwọ́ ara mi ṣe òfin kan. Mo ní tí ẹnì kan bá pa ìkàwé jẹ, àwọn méjèèjìlá ló máa fọ yàrá ìjẹun ní Sátidé: ilẹ̀ ẹ̀, tábìlì ẹ̀, ìkòkò ẹ̀. Mo rò pé ìyẹn á jẹ́ kí wọ́n máa ṣọ́ ara wọn. Ó sì jọ pé ó ń ṣiṣẹ́. Odidi sáà kan, bàtà agboolé tèmi ò dín. Ọ́fíìsì yìn mí níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, orí mi wú.

Ó wá di Sátidé yẹn. Mo gbéra, mo fi Dárà sílẹ̀ pẹ̀lú irun ìdajì. "Mummy, irun mi ńkọ́?" Mo ní mò ń bọ̀, mi ò tilẹ̀ wo ojú ẹ̀. Ìyàwó ọlọ́pàá géètì, tí a jọ múlé gbera, ló bá mi mú un lọ́wọ́.

Bàbá Mojí wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ẹja yíyan inú bébà sìmẹ́ńtì lórí itan wọn. Apẹja ni wọ́n, láti abúlé kan létí ọ̀sà. Wọ́n dìde kí mi, wọ́n ní orí ẹja yẹn lọmọ àwọn fẹ́ràn. Ẹ gbọ́ òtítọ́: irọ́ ni mo kọ́kọ́ pa. Mo ní Mojí ń wẹ̀, kí wọ́n fara balẹ̀. Mo yí padà, mo gba yàrá Mojí lọ.

Àwọn mọ́kànlá tó kù jókòó sínú yàrá, wọ́n ń sunkún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Tọ́pẹ́ ló sọ̀rọ̀. Ó ní Mojí bẹ àwọn, ó ní òun máa dé kí Ọjọ́ Ẹtì tó parí, kò sọ ibi tó ń lọ. Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀, wọn ò sì fẹ́ kó jẹ́ òun ló máa kó ìyà bá gbogbo ilé. Wọ́n wá ń gbà á ṣe láàárín ara wọn, ẹnì kan lónìí, ẹlòmíràn lọ́la: wọ́n ń gbé sálúbàtà Mojí sẹ́nu ọ̀nà kí n tó dé pẹ̀lú fóònù mi. Ìgbà mẹ́ta ni mo ya fọ́tò ẹ̀. Fóònù Mojí fúnra ẹ̀ wà lábẹ́ ìrọ̀rí, ó ti kú. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà lóòótọ́; òun náà la fi ń bo nǹkan mọ́lẹ̀.

Mo pe Màmá Ẹ̀bùn lórí fóònù, mo gbé ohùn wọn síta kí àwọn ọmọ náà lè gbọ́. Wọn ò bú mi. Wọ́n ní, "Bàtà wo ni kò sí nínú yàrá ẹ̀?"

Mo kó gbogbo ẹ̀ jáde: sálúbàtà pupa, bàtà dúdú tó fi ń lọ sí kíláàsì, kánfáàsì, bàtà rọ́bà tó wọ̀ wá láti abúlé. Mo bi àwọn ọmọ bóyá ó ní òmíràn. Wọ́n ní rárá.

"Gbogbo ẹ̀ ló wà níbí, Màmá."

Mi ò mọ̀ pé bàbá Mojí ti dé ẹnu ọ̀nà. Ara wọn ò gbà á mọ́ ní géètì, ọlọ́pàá ló mú wọn wọlé. Wọ́n wo ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin tí mo tò sílẹ̀, wọ́n rọra jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ wọn, ẹja ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

"Tísà," ni wọ́n wí, "lọ́dọ̀ tiwa létí ọ̀sà, ẹni tí kò bá mú bàtà lọ, a kì í wá a lójú ọ̀nà."

Ọ̀sà ò jìnnà sí ẹ̀yìn ọgbà wa. Ọjọ́ mẹ́ta. Mo ń ronú ohun tí omi ń ṣe fún èèyàn ní ọjọ́ mẹ́ta, mo sì ń bẹ Ọlọ́run kí n má ronú ẹ̀.

Ohùn Màmá jáde nínú fóònù. "Kẹ́mi, bá mi bi bàbá yẹn, ìjọ wo ni wọ́n ń lọ?"

Bàbá Mojí ní aláṣọ funfun ni àwọn, pé inú ẹ̀ ni wọ́n bí Mojí sí.

"Sùtánà ọmọ náà dà?"

A da àpótí ẹ̀ dojú dé sórí bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ kíláàsì wà, aṣọ òde wà, ìró wà. Sùtánà ò sí.

Mo gbọ́ tí Màmá mí kanlẹ̀. "Ẹni tó wọ sùtánà kì í wọ bàtà. Ọmọ yẹn fẹsẹ̀ lásán rìn kọjá níwájú ẹ, ìwọ ń ka bàtà."

Mo mí nígbà náà, àmọ́ ìdajì èémí ni. Ìjọ aláṣọ funfun tó wà láti Ajah títí dé etí òkun, ta ló lè kà á tán? Èmi àti bàbá Mojí wọ kẹ̀kẹ́, Màmá dúró dè wá ní Ajah, wọ́n ti wọ sùtánà tiwọn, ẹsẹ̀ wọn lásán lórí ọ̀dà gbígbóná. Wọ́n ní aṣọ náà ló máa ṣílẹ̀kùn fún wa. Ní ìjọ àkọ́kọ́, wọn ò rí irú ẹ̀. Ní ìkejì, wọ́n ní ọmọbìnrin kan wá ní Ọjọ́rú, ó ń wá ibi tí yóò ti gbààwẹ̀, àyè ò sí lọ́dọ̀ àwọn, àwọn júwe ọ̀nà etí òkun fún un. Gbogbo ibi tí omi bá ti ń dán láàárín ilé méjì, bàbá Mojí á yí ojú wọn sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ìkẹta ló wà lórí yanrìn, imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi ṣe ọgbà ẹ̀. Ìyá kan tó ń tọ́jú ibẹ̀ gbọ́ orúkọ Mojí, kò jẹ́ kí a parí ọ̀rọ̀ tó fi fà wá wọlé. Ó ní ọmọ náà sọ pé ìyá òun ló rán òun wá, pé àwọn ti ń bẹ̀ ẹ́ láti àná kó mu omi, àwọn ti ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ọsibítù.

Mojí wà lórí ẹní nínú ilé àdúrà, ètè ẹ̀ ti bó, ojú ẹ̀ ti wọnú. Ife omi kan ṣoṣo ló mu láti Ọjọ́rú. Ó kọ́kọ́ wo bàbá ẹ̀, kò dà bí ẹni pé ó dá wọn mọ̀. Ó wá rí èmi.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọ yàrá ìjẹun."

Mo ti gbọ́ èébú nínú iṣẹ́ yìí. Òbí ti pè mí ní ọlẹ rí, akẹ́kọ̀ọ́ ti pè mí ní àjẹ́. Kò sí èyí tó wọ̀ mí lára tó gbólóhùn yẹn.

A gbé e dé ọsibítù, wọ́n fa omi sí i lára, dókítà ní á yè. Nígbà tí ohùn ẹ̀ padà, ó sọ fún wa pé kẹ́mísìrì ni. Láti ọ̀sẹ̀ kìíní ni kò ti yé òun. Tí wọ́n bá ń jọ kàwé, àwọn mọ́kànlá á mi orí, òun náà á mi orí. Ìdánwò ku ọjọ́ díẹ̀, ojú ń ti òun láti sọ fún àwọn tó fẹ́ràn òun tó bẹ́ẹ̀ pé òun ò gbọ́ nǹkan kan nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti ń sọ látọjọ́ yìí. Òun wá ní kóun lọ bẹ Ọlọ́run; irọ́ ni ti ìyá òun tóun sọ. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Kò bínú. Ó ní, "Ẹ ò bi mí, Àǹtí."

Bàbá ẹ̀ ò bú mi. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ni, wọ́n gbé ẹja yẹn fún mi kí n máa mú un lọ fún ọmọ mi. Ká ní wọ́n bú mi ni, ǹ bá sùn.

Mo lọ sọ fún ọ́fíìsì fúnra mi, mo sọ ti fọ́tò, mo sọ ti òfin mi. Wọ́n fún mi ní ìwé ìkìlọ̀, mo gbà á. Mo fa òfin yẹn ya, mo sì padà sí orúkọ, ọmọ kan lójúmọ́. Mo bá ìyàwó ọlọ́pàá sọ ọ́, òun ló ń lọ mú Dárà wá. Kíláàsì kẹ́mísìrì yẹn, Mojí tún un ṣe, ó sì yege. Mo lo ọdún méjì sí i. Ṣùgbọ́n bí aago bá ti ń lọ sí mẹ́rin, àyà mi á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Màá ka bàtà, màá ka ojú, màá ka bàtà. Mo rí i pé ẹ̀rù ló ń ṣe iṣẹ́ náà báyìí, kì í ṣe èmi. Ni mo bá kó ẹrù mi.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí: iṣẹ́ tó dáa ni. Kí wọ́n kó àwọn ọmọ tuntun pọ̀, kí wọ́n jọ jẹ, kí wọ́n jọ kàwé, mo rí ọ̀pọ̀ tí ìyẹn gbà là. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé kí nǹkan pé lójú ìwé ló ń dùn mọ́ ọ, wá iṣẹ́ mìíràn. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọmọ lè wà láàárín èèyàn mọ́kànlá kó má sí níbẹ̀.

Nígbà tí mo padà délé ní Sátidé yẹn, oòrùn ò tíì wọ̀. Dárà wà níbi tí mo fi í sí gan-an, orí ìjókòó kékeré, òòyà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó kọ̀ kí ìyàwó ọlọ́pàá bá òun parí irun náà. Mo jókòó sẹ́yìn ẹ̀, mo gbá apá òsì mú.

"Mummy, ṣé ẹ ti rí Àǹtí Mojí?"

Mo ní a ti rí i.

"Ta ló sọ wọ́n nù?"

Ó ń ṣe mí bíi kí n sọ pé kò sẹ́nikẹ́ni. Mo yí orí ẹ̀ padà títí ojú ẹ̀ fi kan tèmi. Mo ní, "Èmi ni. Bàtà ẹ̀ ni mo kà, mi ò pe orúkọ ẹ̀. Dárà, tí nǹkan ò bá yé ọ, níléèwé tàbí nílé, má mi orí sí mi. Wá bá mi. Tí mo bá ń sáré, fa aṣọ mi. Tí mo bá sì dá ọ lóhùn láìwo ojú ẹ bíi ti àárọ̀ yìí, má gbà á lọ́wọ́ mi. Ní kí n tún un sọ."